Ilẹ̀ ẹbí, pulọ́ọ̀tì iléeṣẹ́ àbí ilé tó ti láyàálégbé: èwo lẹ máa kọ́kọ́ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ fowó sí ilẹ̀ tàbí ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín Èkó, Ògùn àti Ìbàdàn, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀: kó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, kó ra pulọ́ọ̀tì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ta ẹ̀sítéètì, tàbí kó ra ilé àtijọ́ tí ayálégbé ṣì ń gbé inú rẹ̀. Iye tí wọ́n pè é lèèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Iye tó máa ná yín gan-an ṣì kù lẹ́yìn.

Ẹ wọn ọjà kí ẹ tó fowó wéwó

Pulọ́ọ̀tì ò ní òṣùwọ̀n kan pàtó. Èyí tí ọmọ onílẹ̀ ń tà l'Ékòó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, nǹkan bíi 669 ní mítà onígun mẹ́rin. N'Ìbàdàn àti ọ̀pọ̀ ibi ní Ògùn, 50 sí 100 ló wọ́pọ̀, ìyẹn nǹkan bíi 465. Iléeṣẹ́ ní tiẹ̀ lè pe 600 ní pulọ́ọ̀tì, ó lè pe 500 bẹ́ẹ̀, kódà ó lè pe 300 bẹ́ẹ̀.

Ká ní ọmọ onílẹ̀ ní ₦5,000,000 lòun máa ta 669, iléeṣẹ́ sì ní ₦3,000,000 lòun máa ta 300. Lójú, ọjà iléeṣẹ́ ló pọ́ọ́kú. Ẹ wá pín in: mítà kan lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ jẹ́ ₦10,000, ti ọmọ onílẹ̀ ò tó ₦7,500. Iléeṣẹ́ ṣì máa gba owó sáfè (ìwé àwòrán tó ń fi ìwọ̀n ilẹ̀ hàn), owó ìwé àdéhùn, àti owó tí wọ́n á ní ó wà fún títì, gọ́tà àti iná. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í sábà hàn lára pátákó ìpolówó. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ọmọ onílẹ̀ náà ní tiẹ̀: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé. Òfin ààbò dúkìá tí ìjọba Èkó ṣe ní 2016 kò gbà kẹ́nikẹ́ni gbowó nítorí pé èèyàn ń kọ́lé, ṣùgbọ́n ó fi owó ìwọlé (owó gbígba ilẹ̀ sọ́wọ́) sílẹ̀ fún ẹbí, lábẹ́ àṣẹ olórí ẹbí. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn máa ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó ìwọlé ti wà nínú iye tẹ́ ẹ san.

Ta ló ń buwọ́ lùwé?

Níbí lowó ti ń ṣègbé jù, ẹ fara balẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe tẹnì kan. Olórí ẹbí gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé, kí àwọn àgbà láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan sì bá a buwọ́ lù ú. Tí bàbá tó ni ilẹ̀ bá bímọ fún ìyàwó mẹ́rin, ìdí igi mẹ́rin ló wà. Bí àwọn àgbà bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, lójú òfin, wọn ò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá dá tà á lórúkọ ẹbí, àwọn yòókù lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì fagi lé ọjà náà. Bó bá tà á bíi pé òun nìkan ló ni ín, asán ni.

Nítorí náà, "ta lolórí ẹbí?" nìkan ò tó í bèèrè. Ẹ bèèrè iye ìdí igi, kí ẹ wá ka orúkọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Tí ìdí igi bá jẹ́ mẹ́rin, tí orúkọ sì wá láti mẹ́ta, ẹ má tíì sanwó, títí wọ́n á fi mú ẹni kẹrin wá. Tẹ́nì kan nínú wọn ò bá mọ̀wé, ìwé gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n kà á fún un ní Yorùbá, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Lọ́yà tó bá fo gbólóhùn yìí ti ṣe àbọ̀ iṣẹ́. Ẹ gba báńkì sanwó.

Iléeṣẹ́ ńkọ́? Ọwọ́ ẹbí kan lòun náà sábà máa ń rà á. Ẹ gba ìwé tó wà láàárín iléeṣẹ́ àti ẹbí, kí ẹ sì ka ìdí igi bákan náà. Ewu tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni sísan díẹ̀díẹ̀: ẹ lè parí owó yín lóṣù 12 nígbà tí iléeṣẹ́ ò tíì san tiẹ̀ tán fún ẹbí. Wọ́n á fún yín ní lẹ́tà tó ní ẹ ti ní pulọ́ọ̀tì, kò ní nọ́ńbà, kò ní bíkìn (òpó kékeré tí awọnlẹ̀ ń rì sí igun ilẹ̀). Ẹni tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ó ṣì wà lórí ìlà ni. Ẹ tún ka ibi tí àdéhùn ti sọ̀rọ̀ owó dídá padà: èló ni wọ́n máa yọ, oṣù mélòó ni wọ́n fi máa san án?

Ilé àtijọ́ ló rọrùn jù tí onílé bá wà láàyè tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tà á. Bó bá ti kú láìṣe ìwé ìhágún, àkọ́bí ò lè dá tà á. Ẹ béèrè Letters of Administration (ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá olóògbé) láti ilé ẹjọ́ gíga, kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sì buwọ́ lù ú.

Sáfè ọwọ́ yín àti ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ yín

Ẹ mú awọnlẹ̀ tiyín dání, ẹ má lo ti ẹni tó ń tà. Kó dé orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó gba àmì ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kó fi wé iye tó wà lórí sáfè, kó sì wo nọ́ńbà ara bíkìn. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba (Alausa l'Ékòó, Òkè-Mọ́sàn l'Ábẹ́òkúta) láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Bí èsì bá ní "committed", ìjọba ti ní ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Ẹ padà sílé. Bó bá jẹ́ "excision" (ilẹ̀ tí ìjọba yọ sílẹ̀ fún abúlé) ni wọ́n ń pariwo, ẹ wo orúkọ abúlé inú gasẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba. Gasẹ́ẹ̀tì abúlé kan ni wọ́n sábà fi ń ta ilẹ̀ abúlé kejì.

C of O, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún onílẹ̀, ńkọ́? Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Tí orúkọ ẹlòmíì bá wà lórí C of O, ẹ̀dà rẹ̀ lásán ò sọ yín di onílẹ̀. Ẹ nílò ìwé tó fi ẹ̀tọ́ ilẹ̀ náà lé yín lọ́wọ́ (Deed of Assignment) àti ìyọ̀ǹda gómìnà.

Kí ló ń wọlé?

Ilẹ̀ òfìfo ò ní mú owó kankan wọlé títí ẹ ó fi tà á tàbí kọ́lé sí i. Ẹ ó ṣì máa sanwó oko ríro kí ajagungbalẹ̀ má bàa rò pé kò sẹ́ni tó ni ín. Ilé nìkan ló ń pawó láti oṣù àkọ́kọ́, àmọ́ kì í tó bí ẹ́jẹ́ǹtì ṣe ń sọ ọ́. Ẹ wo ilé oníyàrá 8 tí wọ́n pè ní ₦15,000,000, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń san ₦10,000 lóṣù. Lórí ìwé, ₦960,000 ni lọ́dún. Ẹ yọ yàrá kan tó ṣófo: ó ku ₦840,000. Ẹ yọ ìdá 10 nínú 100 fún ẹni tó ń bá yín gbowó: ó ku ₦756,000. Ẹ yọ ₦150,000 fún páànù, ṣalángá àti páìpù: ó ku ₦606,000, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 owó tẹ́ ẹ fi rà á. Ẹ bi àwọn ayálégbé fúnra wọn bóyá wọ́n ti san ọdún tó ń bọ̀ fún onílé àtijọ́, torí owó yẹn ti lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ wó o tún kọ́, òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní kí ẹ fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà bí àdéhùn ò bá sọ nǹkan míì.

Ní tiwa, ẹni tó bá nílò owó oṣooṣù, tó sì lágbára rẹ̀, ilé ni kó rà. Ẹni tó lè mú ọdún márùn-ún mọ́ra, tó sì ní lọ́yà àti awọnlẹ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ ẹbí ló ń fúnni ní mítà tó pọ̀ jù fún owó kan náà. Ti iléeṣẹ́ dáa fún ẹni tí kò lè san lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n bá lè mú un dé ibi bíkìn rẹ̀ lọ́jọ́ tó san owó àkọ́kọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá oṣù kẹfà tàbí kẹsàn-án, pàápàá lápá Ìbàfò, Mowe àti Ìkòròdú: ẹ wo ibi tí omi dúró sí, ẹ sì wo ìlà tó ti fi sára ògiri aládùúgbò.