Àwòrán Eruku Láti Ojú Ọ̀run: Bí Mo Ṣe Rí Iṣẹ́ Sátẹ́láìtì CALIPSO Láti Kàbbà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé, láti Kàbbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ìbéèrè kan sì wà tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé. Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ló béèrè rẹ̀ lọ́nà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti fi aṣọ tútù nu pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láàárọ̀, kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run, síbẹ̀ bátìrì kò kún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ó ti rẹ oòrùn náà ni?” Mo mọ̀ pé eruku ni, ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún un bí eruku náà ti ga tó, irú èyí tó jẹ́, tàbí bí ó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì tí kò tilẹ̀ fara kàn. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibi ìpamọ́ àwòrán sátẹ́láìtì CALIPSO, tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Mo ti lò ó fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì báyìí, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí àti fún ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.

NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti CNES, àjọ òfurufú ilẹ̀ Faransé, ló jọ gbé CALIPSO lọ sókè ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2006. Ohun èlò tó jẹ́ ọkàn rẹ̀ ni lídà. Bí rédà ti ń rán ìgbì rédíò jáde tó sì ń dúró de èyí tó bá ta padà, bẹ́ẹ̀ ni lídà ń ṣe pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ lésà. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, láti òkè tó jìnnà tó kìlómítà 705, ó ń rán ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní gígùn ìgbì méjì: nánómítà 532, tí í ṣe àwọ̀ ewé, àti nánómítà 1064, tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan eruku, èéfín tàbí ìkùukùu yóò ta padà sínú awò ńlá kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà kan, àkókò tó sì fi lọ tó fi bọ̀ ni yóò sọ bí ohun tó kàn náà ti ga tó. Láti ilẹ̀ dé nǹkan bí kìlómítà 8 sókè, ó ń ka ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ní mítà 30 sí mítà 30.

Nígbà tí ẹ bá ṣí àwòrán kan, ẹ ó rí i bí ìgbà tí a gé búrẹ́dì tí a sì ń wo inú rẹ̀: ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, òfurufú wà lókè, gbogbo ohun tó léfòó láàárín wọn sì hàn ní ìpele-ìpele. Àwòrán mìíràn wà tó ń sọ irú ohun tí ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́, níbi tí eruku aṣálẹ̀ ti jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tí eruku tó dàpọ̀ mọ́ ìdọ̀tí mìíràn jẹ́ àwọ̀ búráùn, tí èéfín sì jẹ́ dúdú. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti wù mí jù. Ìmọ́lẹ̀ lésà náà ń mì sí ìhà kan ṣoṣo nígbà tó ń jáde lọ. Èérún eruku kò rí roboto, nítorí náà ó máa ń yí ìhà tí ìmọ́lẹ̀ náà ń mì sí padà. Èéfín kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ara ìyàtọ̀ kékeré yìí ni wọ́n ti ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gòkè lọ bu èyíkéyìí nínú wọn.

Púpọ̀ nínú eruku tó ń bo Kàbbà, Bùnú àti Yàgbà nígbà ọyẹ́ ń ti ilẹ̀ kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé èéfín igbó tí a ń sun ni yóò wà nísàlẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló ti ń jáde, pé eruku tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni yóò sì wà lókè rẹ̀. Àwòrán lídà fi hàn mí pé mo ṣìnà: ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń rí ìpele èéfín tó léfòó lórí ìpele eruku.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìtànṣán oòrùn kì í ṣe kékeré. Ní òkè téńté, kí ó tó wọ inú afẹ́fẹ́, agbára oòrùn tó ń bọ́ sórí ibi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóòró jẹ́ nǹkan bí wáàtì 1361. Láti inú ohun tí lídà rí ní ìpele kọ̀ọ̀kan, a lè ṣírò ìnípọn eruku láti òkè dé ilẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí eruku ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà tó, kì í ṣe iye mítà. Bí ìnípọn náà bá jẹ́ 1, tí oòrùn sì wà ní àtàrí, nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ tààrà ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa láìyà lọ́nà. Ìyókù kò ṣòfò tán. Eruku a máa fọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ká, ó sì tún ń darí ọ̀pọ̀ sísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi ń funfun tí òjìji wa kò fi hàn dáadáa nígbà ọyẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì lè lo ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká. Ohun èlò tó ń fi dígí kó oòrùn jọ sójú kan kò lè lò ó. Èéfín ní tirẹ̀ ń fa ìmọ́lẹ̀ mu ju eruku lọ, ó sì ń sọ ọ́ di ooru sókè níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣírò láìmọ irú ohun tó wà lókè yóò gba ìdáhùn tí kò tọ́.

Àléébù rẹ̀ wà o. Ojú ọ̀nà tóóró ni lídà ń kà, ọjọ́ 16 ni ó sì fi ń padà sí ojú ọ̀nà kan náà. Nítòsí ìlà agbede-méjì ayé, ààlà tó wà láàárín ọ̀nà kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 170, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ ó rí òrùlé yín gan-an. Àwòrán òru mọ́ ju ti ọ̀sán lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ ń dí lídà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán sì ni a nílò rẹ̀ jù. Èyí tó wúwo jù ni pé CALIPSO kò wọn ìnípọn tààrà. Iye kan tí wọ́n ti yàn fún irú èérún kọ̀ọ̀kan ló fi ń ṣírò, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí èérún náà dí lọ́nà wé èyí tó ta padà; 44 ni fún eruku aṣálẹ̀. Bí ó bá pe èéfín ní eruku, ìṣirò yóò yẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2023, nítorí náà ìtàn ojú ọ̀run ni ẹ ó rí níbẹ̀, kì í ṣe ti òní. Àwòrán ṣeé wò lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ iye gan-an nílò kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń lò ó pọ̀ mọ́ ibùdó AERONET, ọ̀kan lára àwọn ibùdó káàkiri ayé tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́, tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin láti ọdún 1998. Ohun èlò ibẹ̀ ń wo oòrùn láti ilẹ̀, ó sì ń wọn ìnípọn gbogbo eruku tó wà lókè, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ó ti ga tó. Ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì ní, Ìlọrin kò sì jìnnà sí wa.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ohun tuntun, sátẹ́láìtì EarthCARE ni kí ó máa wò. Àjọ òfurufú ESA ti ilẹ̀ Yúróòpù àti JAXA ti ilẹ̀ Japan gbé e lọ sókè ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2024. Lídà rẹ̀ ń lo nánómítà 355, ó sì lè ya èyí tí afẹ́fẹ́ ta padà kúrò lára èyí tí eruku ta padà, tó fi jẹ́ pé kò nílò iye tí a yàn sílẹ̀. Ohun èlò mìíràn lára rẹ̀ ń wọn ìtànṣán tó ń padà sókè, kí wọ́n lè fi ìṣirò wé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo gbà yín nímọ̀ràn láti lo CALIPSO, pàápàá bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ níwèé tàbí bí ẹ bá ń pinnu iye pánẹ́ẹ̀lì tí ilé kan nílò. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀la yóò ti rí. Ní tèmi, mo ti dẹ́kun fífi oòrùn ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ṣírò; oṣù tí ọyẹ́ le jù ni mo ń lò báyìí. Pánẹ́ẹ̀lì ni mo fi kún ti ìyá ẹlẹ́ja, kì í ṣe bátìrì. Mo fi àwòrán òru kan hàn án lórí fóònù mi, ó wo àwọ̀ ìyeyè náà títí, ó sì bi mí pé níbo ni ilé òun wà nínú rẹ̀. Mo fi ìka tọ́ ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.