GUPS àti ìtọ́jú àwọn àgbà ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣàbẹ: ohun tó ń ṣe dáadáa àti ibi tí ìwé ti ń dí i lọ́wọ́

Tí ìyá tàbí bàbá bá dàgbà débi tí wọn ò lè dá nǹkan ṣe mọ́, ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé wọn sáré lọ. Ibì kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ yà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní CPS bí orúkọ rẹ̀ àtijọ́: Guichet Unique de Protection Sociale, ìyẹn GUPS. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran àwọn tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ọ̀kan nínú kọ́múnù 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ tí kò ní tirẹ̀.

Èrò wa lórí rẹ̀ rèé. Nínú gbogbo ibi tí a lè mú àgbàlagbà lọ, òun ni a fara mọ́ jù fún ìbẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ìdí, wọ́n sì mọ ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń san owó ọjọ́ ogbó, kì í sì í ṣe ibi tí òṣìṣẹ́ yóò ti máa wá wẹ ìyá nílé láràárọ̀. Ẹni tó bá bá ìrètí méjì yìí lọ yóò bínú padà sílé. Ẹni tó bá mọ ohun tó fẹ́ béèrè, tí ìwé rẹ̀ sì bára mu, yóò jèrè rẹ̀.

Ìwé ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ kó gbogbo ìwé ìyá jáde láti inú àpótí, kí ẹ tẹ́ wọn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìwé ìbí tí kóòtù ṣe sọ pé «ODJO Aïna, née vers 1948». Káàdì ìdìbò sọ pé «OJO Aina». Ìwé ilé ìwòsàn sọ pé «ODJO Ayina», ọdún rẹ̀ sì ti di 1950. Lójú wa, ẹnì kan ṣoṣo ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn mẹ́ta ni. Àwọn tó gbé Nàìjíríà rí ló ń jìyà èyí jù, torí «Òjó» tí wọ́n kọ ní Ìláròó kò ní «d», tí wọ́n bá sì kọ ọ́ ní Kétu, ó ní in.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí ẹ mú ìwé kan ṣe ìpìlẹ̀. Èyí tó ní NPI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ANIP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánimọ̀ ará ìlú, ń fúnni, ló dára jù. Ẹ ka orúkọ inú rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún àwọn ìwé yòókù ṣe kí wọ́n lè bá a mu. Ẹ má ṣe tún NPI ṣe láti bá káàdì ilé ìwòsàn mu: ọ̀nà yẹn gùn, kò sì lópin. Tí àṣìṣe bá wà lórí ìwé NPI fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ANIP kí ẹ tó dé GUPS rárá.

Àwọn kan wà tí kò sí nínú RAVIP, ìforúkọsílẹ̀ ará ìlú fún ìdánimọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, pàápàá àwọn tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà náà. Tí wọn ò bá sì ní ìwé ìbí kankan, kóòtù ni yóò ṣe é fún wọn, jugement supplétif ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń béèrè ẹlẹ́rìí tó mọ ọjọ́ orí ẹni náà. Fún ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ti ń tán nílẹ̀. Tí àbúrò ìyá yín tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe bá ṣì wà láàyè lónìí, ẹ má dúró dọdún tó ń bọ̀.

Ìka ọwọ́ tí ẹ̀rọ ń yà fún ìdánimọ̀ tún ń fa wàhálà. Obìnrin tó fi ogójì ọdún yan gàrí tàbí tó fọ́ èkùrọ́, ìlà ìka rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ parẹ́, ẹ̀rọ kì í sì í tètè kà á. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi òrí pa á. Láàárọ̀, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, torí òróró tó bá kù lórí ìka á dọ̀tí gíláàsì ẹ̀rọ náà. Tí àtàǹpàkò bá kọ̀, ẹ bẹ òṣìṣẹ́ kó gbìyànjú ìka yòókù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé ìyá padà sílé nítorí ìka kan ṣoṣo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń bá lọ sí GUPS ni ìbéèrè lórí ARCH, ètò ìlera tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún àwọn tí òṣì ti mú jù. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kì í ṣe ẹni kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń díwọ̀n, ìdílé tó jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan ni. Ìyá tí kò ní kọ́bọ̀, tó ń gbé nílé ọmọ tó ní ọkọ̀ àti fíríìjì, inú ìdílé ọmọ yẹn ni wọ́n á kà á sí. Torí náà ni ìyá aládùúgbò rẹ̀ tó ń dá gbé fi lè ní káàdì ARCH, tí òun kò sì ní. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé yàrá nìkan ni ìyá ní nínú ọgbà ọmọ, tó ń dáná tirẹ̀, tó sì ń fi owó ara rẹ̀ jẹun, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn oníwàádìí bá dé. Ìgbéraga ọmọ tó ń dáhùn pé «èmi ni mò ń bọ́ màmá» ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ fún àwọn ìyá.

Tí káàdì bá ti wà, ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ yín ni ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn ni yóò fún yín ní ìwé tí ẹ óò mú lọ sí hôpital de zone, ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn kọ́múnù kan jọ ń lò. Ẹni tó bá fo ìpele yìí láìsí pàjáwìrì, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti sanwó. Ti Kétu wà ní Pobè, torí Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétu ló jọ ni ín. Ṣàbẹ ní tirẹ̀ láàárín ìlú, òun àti Ouèssè ló jọ ń lò ó. Owó ọkọ̀ láti Idigny tàbí láti Kaboua, ọrùn ẹbí ló wà, kí ẹ ti yà á sọ́tọ̀.

Ibi tí GUPS ti wú wa lórí jù lọ ni ọ̀rọ̀ àárín òbí àti ọmọ. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n ọmọ márùn-ún lè wà, kí ọmú má sí. Ọ̀kan wà ní Kutọnu, méjì ní Èkó, ọ̀kan ní Gàbọ́n, àbígbẹ̀yìn nìkan ló wà nílé tó ń fọ aṣọ, tó ń gbé ìyá lọ sẹ́yìnkùlé. Owó ń wọlé ní Iléyá tàbí Kérésìmesì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í dúró de Iléyá. Assistante sociale, òṣìṣẹ́ GUPS tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé, lè kọ̀wé pe gbogbo wọn, kó jókòó tì wọ́n, kó kọ àdéhùn sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Òfin ìdílé wa, nọ́ńbà 2002-07 ti 24 oṣù kẹjọ 2004, ti sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà òbí tó wà nínú àìní. Òṣìṣẹ́ kì í fi dẹ́rù ba ènìyàn, ó kàn máa ń rán wọn létí pé kóòtù wà lẹ́yìn àdéhùn.

Ìtìjú ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ sí ọ́fíìsì. Ebi tó ń pa ìyá ló tini lójú jù. Kí àdéhùn náà lè dúró, ẹ jẹ́ kó ní orúkọ, iye owó, ọjọ́ inú oṣù, àti fóònù ẹni tí yóò máa gba owó náà. Ẹ má gba gbólóhùn tó ní «màá máa ṣe ohun tí agbára mi bá ká». Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣèlérí nǹkan kan. Tí ẹnì kan kò bá lówó, kó fi ọjọ́ sílẹ̀: òpin ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù tí òun yóò wá tọ́jú ìyá kí àbígbẹ̀yìn lè sinmi.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í béèrè, tó sì yẹ kí wọ́n béèrè, ni carte d'égalité des chances, káàdì àwọn aláàbọ̀ ara. Òfin 2017-06 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ló bí i. A máa ń rò pé àwọn tí a bí pẹ̀lú àbùkù nìkan ló ni ín. Bàbá tí rọpárọsẹ̀ mú ní ẹni àádọ́rin ọdún, ìyá tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹ mú ìwé dókítà wọn dání kí ẹ béèrè.

Owó ìfẹ̀yìntì kò sí lọ́wọ́ GUPS, wọn yóò kàn júwe ọ̀nà ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ sí FNRB, àpò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, ẹni tó ṣiṣẹ́ aládàáni ń lọ sí CNSS, àjọ tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì tiwọn pamọ́. Ní CNSS, ẹni ọgọ́ta ọdún tó ti dá owó fún oṣù 180 ló ń gba owó oṣooṣù. Ẹni tó ní 176 kò yege. Owó ẹ̀ẹ̀kan ni yóò gbà. Nítorí náà ẹ ka oṣù náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé owó oṣù, torí oṣù mẹ́rin tí ọ̀gá kan kò kéde lè wà níbẹ̀. Opó nílò ìwé ìgbéyàwó láti ilé kọ́múnù. Ìdána àti yìgì nìkan kò tó. Ẹ má sì gbàgbé certificat de vie, ìwé ẹ̀rí pé ẹni náà ṣì wà láàyè, torí tí wọn ò bá rí i, owó á dúró.

Tí ìdílé bá pinnu láti gba ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá nílé, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ti di 52,000 sẹ́fà láti oṣù kìíní 2023. Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ní láti máa yí i, kí egbò má bàa mú un ní ìdí àti gìgísẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe èyí tọ̀sán-tòru. Ẹ ti mọ ọmọ tí yóò máa sun ibẹ̀ lálẹ́ kí ẹ tó gba òṣìṣẹ́.