Lúùtù Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Agbẹ́gi Kan ní London

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ilé iṣẹ́ ọ̀gá yìí kí n tó san owó lúùtù mi, ohun èlò olókùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ìlàjì ìbẹ́pẹ. Kí ó tó lẹ igi kankan mọ́ra, ó fi ìka méjì di etí pátákó spruce mú, igi tí a fi ń ṣe ojú lúùtù, ó gbé e súnmọ́ etí, ó sì kàn án jẹ́jẹ́. Èyí àkọ́kọ́ dún bí páálí, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èkejì dún gooro, ìró rẹ̀ pẹ́ kí ó tó pòórá, òun ni ó sì mú. Lẹ́yìn náà ni ó ń fá a, tí ó ń kàn án, tí ó sì ń tẹ́tí, títí ó fi kù bíi mìlímítà 2, nítorí pé bí ó bá nípọn jù, ohùn yóò há, bí ó bá sì fẹ́lẹ́ jù, okùn yóò fà á tẹ̀.

Ohùn rẹ̀ dùn mọ́ mi gidigidi. Àléébù kan ṣoṣo ni pé ohùn kan wà lórí okùn kẹta tí ó máa ń wú lójijì, tí ó sì máa ń kú kíákíá, torí pé ó bá ìró tí ara lúùtù náà fúnra rẹ̀ fi ń gbọ̀n mu. Ọ̀gá náà kò bá mi jiyàn; ó ní kí n gbé e padà wá.