Old Bay, Zatarain's àbí èyí tẹ́ ẹ pò fúnra yín: èwo ni kẹ́ ẹ fi se edé àti akàn nílé?

Tẹ́ ẹ bá ti rí fídíò tí wọ́n ti da edé, akàn, àgbàdo àti Áíríìṣì sórí tábìlì, tó ń pọ́n fòò, tí bọ́tà ń kán tó tó tó lára ẹ̀, tó wá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ sè é nínú kíṣìnì yín níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Seafood boil ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn ará Louisiana ní Amẹ́ríkà ló ti gbajúmọ̀ jù, edé odò tí wọ́n ń pè ní crawfish ni wọ́n sábà máa ń fi sè é lọ́hùn-ún. Èròjà inú pákẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn máa ń bi mí jù, pé èwo ni kí àwọn rà. Mo ti lo oríṣi mẹ́rin, màá sọ bí mo ṣe rí i, torí owó edé àti akàn nìkan ti wọni lára, kò yẹ kí èròjà tún wá bà á jẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Kẹ́ ẹ tó wo orúkọ, kẹ́ ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ yí pákẹ́ẹ̀tì yẹn pa dà kẹ́ ẹ wò ó bóyá iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sè é, èyí tó ti ní iyọ̀ nínú ni mo rà, mi ò ka ẹ̀yìn ẹ̀, mo dà á sómi, mo tún bu iyọ̀ sí i, mo tún fọ́ Maggi mẹ́rin sí i bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá ń sebẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi láti Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn, ó gé àgbàdo jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, iyọ̀ inú nǹkan yìí ti pọ̀ jù o." Ìyẹn ti wọnú Áíríìṣì lọ, kò sí bí mo ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́ kúrò. Edé kílò kan àtààbọ̀ ló bá a lọ, ó dùn mí wọra.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí Old Bay, ti inú agolo yẹ́lò òun búlúù yẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gustav Brunn, tó sá kúrò ní Jámánì nígbà tí àwọn Nazi ń ṣèjọba, ló ṣe é ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ní 1939. Lílọ̀ ni, iyọ̀ tí wọ́n pò mọ́ hóró sẹ́lẹ́rì, ewébẹ̀ òyìnbó kan, ló gba iwájú nínú ẹ̀, ata pupa, ata dúdú àti pàpíríkà wá tẹ̀ lé e. Òórùn sẹ́lẹ́rì yẹn gan-an lẹ máa gbọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i, mi ò tíì rí nǹkan kan lọ́jà wa tó ní irú òórùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ata ẹ̀ ò ta rárá fún èèyàn tó ń jẹ ata rodo lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ máa dà á sómi títí táá fi ta, iyọ̀ ló máa pa yín. Inú bọ́tà ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀ jù, ẹ yọ́ bọ́tà, ẹ jẹ́ kí áyù gígé gbóná díẹ̀ nínú ẹ̀ kó ṣì funfun o, kẹ́ ẹ wá bu ṣíbí kékeré kan sí i.

Zatarain's ní tiẹ̀, ará New Orleans ní Louisiana ni wọ́n, láti 1889 ni ilé iṣẹ́ yẹn ti wà. (Ilé iṣẹ́ McCormick ló ni òun àti Old Bay báyìí, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún yín pé ọ̀kan ni ojúlówó, èkejì ni ayédèrú.) Crab boil wọn tí mo ń sọ yìí, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń se akàn, hóró ni, wọn ò lọ̀ ọ́, másítádì, kòríáńdà, ata, ewé bay àtàwọn míì, inú àpò kékeré kan ni wọ́n dì í sí, odidi àpò yẹn lẹ máa jù sínú omi. Kò síyọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi sí i bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ìdí tí mo fi sọ pé òun ló dáa jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í dọ̀tí omi, kì í lẹ̀ mọ́ edé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, wọ́n tún ní èyí tí wọ́n lọ̀ tó níyọ̀ nínú, orúkọ kan náà ló wà lára gbogbo ẹ̀.

Wọ́n ní èyí tó jẹ́ olómi náà, nínú ìgò kékeré. Ó le gan-an, ṣíbí kan ti pọ̀ fún ìkòkò ńlá, tó bá ti gbóná ńṣe ni gbogbo ilé á máa wúkọ́. Tẹ́ ẹ bá lọ́mọ kékeré nílé tàbí kíṣìnì yín ò ní fèrèsé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ó wá ku èyí téèyàn pò fúnra ẹ̀, òun ni mo sì ń lò jù báyìí. Gbogbo ẹ̀ lẹ máa rí lọ́jà Tákíè níbí lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta èròjà: kànáfùrù bíi márùn-ún (ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀, á korò), ewé bay mẹ́rin, ata gígún, ata Cameroon díẹ̀, ata ilẹ̀, odidi áyù méjì tẹ́ ẹ là sí méjì láìbó, àlùbọ́sà ńlá kan, òrombó wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Ẹ di àwọn hóró àti ewé yẹn sínú aṣọ funfun tó mọ́, kí wọ́n má baà há sí yín léyín. Ó ta, ó ń ta sánsán, owó ẹ̀ ò tó ti pákẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ò sí níbẹ̀ ni òórùn sẹ́lẹ́rì yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń po tèmi fún omi, kí n wá ra Old Bay kékeré kan fún bọ́tà, agolo yẹn á sì tó sè lọ́pọ̀ ìgbà. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fowó yín sí. Ẹni tí ò bá ráyè, kó ra Zatarain's aláàpò.

Ìkìlọ̀ kan lórí ọjà: àwọn kan máa ń tú èròjà òkèèrè yìí sínú ọ̀rá wẹ́wẹ́ kí àwọn ọmọ LAUTECH lè rówó rà á. Ẹ má rà á. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹ ò mọ ìgbà tó máa bàjẹ́, ẹ ò rí nọ́ńbà NAFDAC. Èyí tó bá ti dì gbagidi nínú agolo, omi ti kàn án, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Edé náà ńkọ́, tẹ́ ẹ bá rà á ní kóòdù rúùmù, ẹ wo yìnyín tó bò ó, torí ẹ lè máa sanwó omi. Inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kó yọ́, tàbí nínú omi tútù, ẹ má fi omi gbígbóná yọ́ ọ. Ẹni tí edé tàbí akàn máa ń bá lára jà, kó má fọwọ́ kàn án rárá, omi ẹ̀ náà ò dáa fún un.

Ohun tí kò sí lẹ́yìn pákẹ́ẹ̀tì kankan tí mo rà ni ọ̀rọ̀ àgbàdo wa. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà lórí iná fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, àgbàdo aládùn tiwọn ni wọ́n ń sọ, ìyẹn rọ̀. Àgbàdo tí à ń rà lẹ́bàá títì níbí, ẹ kọ́kọ́ sè é lọ́tọ̀ títí táá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, kẹ́ ẹ tó kó o sínú omi eléròjà. Omi yẹn á ti hó fún bíi ìṣẹ́jú 10 kí Áíríìṣì tó wọlé, ìyẹn á lo ìṣẹ́jú 15, akàn tútù náà á lo bíi 10 sí 15, edé ló máa kẹ́yìn, ìṣẹ́jú 2 sí 3 péré. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó pọ́n, tó ká kò bí ìkọ́, ẹ paná lójú ẹsẹ̀. Tó bá ká títí tí orí fi kan ìrù, ó ti le bíi rọ́bà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí èròjà wọ Áíríìṣì àti àgbàdo dáadáa, ẹ kó edé kúrò, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ nínú omi yẹn fún ìṣẹ́jú 15 láìsí iná lábẹ́ ẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú agolo, ṣíbí gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa fi bù ú, ẹ má máa gbọ̀n ọ́n sórí ìkòkò tó ń hó, oru omi tó ń gòkè yẹn ló máa ń mú un dì. Ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí gáàsì.