Àpótí Dígí Ẹja Ńlá: Ká Ṣe É Fúnra Ẹni, àbí Ká Rà Á?

Ẹni tó bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí mọ̀ bí omi ṣe wúwo tó. Àpótí dígí ẹja tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní méjì, tó sì ga ní méjì, á gba nǹkan bíi 450 lítà. Kẹ́ẹ̀gì 18 nìyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́sàn-án. Tí ẹ bá ro dígí 12mm mọ́ ọn, tó tó nǹkan bíi kílò 90, ó ti ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ kí ẹ tó kó yanrìn àti òkúta sí i. Torí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó máa jókòó sí. Ìsàlẹ̀ ilé ló dáa jù. Tó bá jẹ́ òkè ni, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó lágbára, ẹ má gbé e sí àárín pálọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ wo dẹ́kìn náà fún yín.

Mo ti ra, mo sì ti ṣe. Èyí tí mo rà ló jò.

Àlòkù ni. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ti tún un ṣe. Mo gbé e dé Ṣómólú, mo pọnmi kún un lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, kò sómi nílẹ̀. Mo fìka kan igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó tutù. Ẹ̀kán omi kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló wà níbẹ̀. Mo nù ún, ó tún yọ. Kó tó di ọ̀sán, pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti wú. Mo da omi nù, mo fi bíléèdì ha oríkèé náà, àṣé wọ́n kàn kun sílíkọ́ọ̀nù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ dígí, tuntun lórí ti àtijọ́ ni. Sílíkọ́ọ̀nù tuntun kì í dì mọ́ èyí tó ti gbẹ dáadáa. Ojú á rí i bíi pé ó ti dì, àmọ́ omi á gba àárín wọn kọjá. Látọjọ́ náà, ibi tí dígí méjì ti pàdé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, yálà rírà ni o, yálà ṣíṣe.

Tí ẹ bá fẹ́ rà

Àpótí tí kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ lọ, ẹ lọ rà á. Kí ẹ tó ra dígí, sílíkọ́ọ̀nù àti téèpù tán, owó yín lè ti kọjá ti èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, tiyín ò sì ní mọ́ tó o.

Láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ sókè, ọ̀rọ̀ yí padà. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà l'Ékòó ló jẹ́ pé oníṣẹ́ kan níbí ló lẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ẹni náà lẹ sì ń rà. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló lẹ̀ ẹ́, mílímítà mélòó sì ni dígí rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́: tí ìfófòó bá tò láti inú oríkèé dé ìta, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ní kó pọnmi kún un, kẹ́ ẹ padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ wá ẹlòmíì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò ni ọ̀nà àbáwọlé. Lórí Erékùṣù, ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Láfíàjì, ẹ máa rí ilé àtijọ́ tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tóóró tí kọ́nà rẹ̀ sì há. Àpótí tó ti pé ò lè yí níbẹ̀. Dígí márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á kọjá. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, inú yàrá gan-an ni kí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é

Dígí lásán tó nípọn ni kí ẹ rà, ẹ ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ lè wá a lọ sí Ọdúnadé ní Orílé níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé. Ẹ má ra dígí tí wọ́n ti fi iná mú le: kò ṣeé gé, kò ṣeé lu, ńṣe ló máa fọ́ wẹ́wẹ́.

Gíga omi ló ń ti dígí, kì í ṣe gígùn àpótí. Tí ẹ bá sọ gíga di ìlọ́po méjì, agbára tí omi fi ń ti ojú iwájú á di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú àpótí tí mo sọ yìí, ó ju kílò 200 lọ, bíi kí àgbàlagbà mẹ́ta jọ fara tì í. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ 12mm, kí ẹ sì tún lẹ dígí tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí òkè níwájú àti lẹ́yìn, kó má baà tẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́. Tí ìsàlẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 61, ẹ̀gbẹ́ ò ní jẹ́ 61, torí àárín iwájú àti ẹ̀yìn ló máa wà. Ẹ yọ 12mm lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi mílímítà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún sílíkọ́ọ̀nù: 58.4 ló kù.

Sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bí ọtí kíkan ni ká lò, èyí tí kò ní oògùn tó ń pa ebu nínú. Ti ilé ìwẹ̀ ní oògùn náà, ó sì lè pa ẹja. Ẹ fi spírítì nu etí dígí, ẹ má tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ fún un nípọn ní ìlà kan tí kò já, ẹ gbé dígí lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ débi tí gbogbo rẹ̀ á fi tú jáde. Látìta ló ti máa ń gbẹ wọnú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló sì ń gbẹ ẹ́, torí náà ó máa ń pẹ́ sí i lásìkò ọyẹ́. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹni tí kò bá lè dúró fún ọ̀sẹ̀ yẹn, kó lọ rà á.

Ní ti owó, lórí àpótí ńlá, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbéwálé ló ń gbé ti rírà ga. Irin ìdúró tí wẹ́dà máa jó kan àwọn méjèèjì, póńpù àti wàhálà NEPA náà kàn wọ́n bákan náà. Ooru Èkó ti tó fún ọ̀pọ̀ ẹja ilẹ̀ olóoru, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ẹ̀rọ amómigbóná fún yín.

Èyí tí a ṣe àti èyí tí a rà, bákan náà la ṣe ń dán wọn wò. Ẹ fi lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà wo irin ìdúró, ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sórí rẹ̀ kí ẹ tó gbé àpótí lé e. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn yí ìdí rẹ̀ ká. Ẹ pọnmi dé ìdá mẹ́ta, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, ẹ pọn ọ́n dé ìdajì, ẹ tún dúró, kí ẹ tó kún un. Ẹ̀kán kan ṣoṣo á hàn lójú ìwé náà. Tó bá gbẹ títí dọjọ́ kẹta lẹ́yìn tó kún, ẹ lè wá lọ fọ yanrìn.