Mo ka Sípáníìṣì gboyè ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà: ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀

Àwọn àbúrò ò yéé bi mí pé "Àǹtí, ṣé kí n fi Sípáníìṣì ṣe major (ẹ̀kọ́ téèyàn fi ń gboyè)?", ó ti sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí bí ẹni tó ra ọjà tó sì ti lò ó. Yunifásítì ìjọba kan ní Texas ni mo ti ṣe é, mi ò ní dárúkọ wọn o, torí mo ṣì máa gba transcript lọ́wọ́ wọn. Ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un, ààbọ̀ yẹn, torí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì kan ni.

Ohun tí wọn kì í sọ féèyàn kó tó wọlé ni pé dígírì lítíréṣọ̀ lẹ fẹ́ rà yẹn, kì í ṣe dígírì ọ̀rọ̀ sísọ. Nínú kírẹ́díìtì 120 tí wọ́n fi ń gba B.A., nǹkan bíi 30 sí 36 péré ló jẹ́ Sípáníìṣì, ìyókù á lọ sórí ìtàn Amẹ́ríkà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo wọ̀nyẹn. Nínú 30 yẹn náà, gírámà àti àròkọ á bu tiwọn, fònẹ́tíìkì á bu tiẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á wá rì yín sínú ìwé: Cervantes ará Sípéènì tí apá kìíní ìwé ńlá ẹ̀, Don Quijote, jáde ní 1605, Lope de Vega tó jẹ́ akéwì Sípéènì, Sor Juana tó jẹ́ sísítà ìjọ Àgùdà ní Mẹ́síkò, títí dórí García Márquez ará Kòlóńbíà tó gba Nobel ní 1982. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an, mi ò ní parọ́. Àmọ́ èèyàn lè kọ pépà gígùn lórí ewì ayé àtijọ́ kó gba A, kó má sì lè bá mọkáníìkì ná ọjà ní Sípáníìṣì.

Ìró èdè yẹn ò le lẹ́nu Yorùbá rárá. Fáwẹ́lì márùn-ún péré ni wọ́n ní, a e i o u, kì í yí padà, àwa tá a ní méje tá a tún ní àránmúpè, kí ló fẹ́ ṣe wá níbẹ̀? Àwọn òyìnbó inú kíláàsì ló ń jìyà ìyẹn. Ibi tó ti gbomi lójú mi ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Tiwa, mo lọ, o lọ, wọ́n lọ, "lọ" ò kúrò níbi tó wà. Tiwọn, voy, vas, va, vamos, vais, van, ìyẹn tòní nìkan o, tàná tún yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá tún wá ń sọ pé ẹ fẹ́ kí ẹnì kan lọ tàbí pé bóyá ló máa lọ, òmíì nìyẹn. Tábìlì jẹ́ obìnrin, ìwé jẹ́ ọkùnrin, ọwọ́ tí ìparí ẹ̀ jọ tọkùnrin tún jẹ́ obìnrin, ẹ kàn máa há a sórí ni. Ti usted àti tú ló rọ̀ mí lọ́rùn, ẹni tó ti mọ "ẹ" àti "o" látilé, ta ló fẹ́ kọ́ ọ pé a kì í pe àgbà ní tú? Ẹ tiẹ̀ tún gbọ́, ní Bogotá ní Kòlóńbíà, àwọn ọ̀rẹ́ àti tọkọtaya míì pàápàá ń pe ara wọn ní usted!

Wàyí o, ibi tó dùn mí. Texas la wà, kíláàsì kún fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ ọ́ nílé, bàbá ará Monterrey ní Mẹ́síkò, ìyá ará El Salvador. Àwọn yunifásítì míì ní kíláàsì tiwọn lọ́tọ̀, tiwa da gbogbo wa pọ̀, kẹ́ ẹ tó rí ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ́ ẹ máa lò wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán, tíṣà náà á sì máa bá wọn lọ. Àmọ́ tó bá ti di kíkọ, ọwọ́ wa ló máa ń ròkè, torí wọn ò mọ ibi tí àmì ń gbé lórí fáwẹ́lì, bí àwọn ọmọ tiwa náà ṣe ń sọ Yorùbá tí wọn ò lè fàmì sórí orúkọ ara wọn (ẹ má bínú, òótọ́ ni).

Áfíríkà ńkọ́? Títí mo fi jáde, kò sẹ́ni tó dárúkọ Equatorial Guinea ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń ṣèjọba níbẹ̀, ọwọ́ Sípéènì ni wọ́n ti gba òmìnira ní 1968, erékùṣù Bioko tí ìlú wọn Malabo wà lórí ẹ̀ ò sì jìnnà sí Calabar, ibẹ̀ làwọn ará Nàìjíríà ń lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó nígbà tó ṣì ń jẹ́ Fernando Po. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ wa jáde ni ìgbà tá a ka Nicolás Guillén, akéwì ará Kúbà, tó sọ nínú ewì ẹ̀ pé Yorùbá lòun, ni gbogbo kíláàsì bá yíjú sí mi bíi pé èmi ni mo bí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo ní ló wá ní kí n fi Lukumí, ìyẹn ìsìn òrìṣà táwọn Yorùbá gbé dé Kúbà, ṣe pépà àṣekágbá mi, kí n lọ ka iṣẹ́ Lydia Cabrera àti Fernando Ortiz, àwọn ará Kúbà tó ṣèwádìí nípa ẹ̀. Ibẹ̀ lowó mi ti wọlé. Changó, Ochún, Yemayá, Babalú Ayé, àwọn orúkọ tí mo ti ń gbọ́ látilé, mo dẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ wọn ní Sípáníìṣì fúnra mi láìsí pé ẹnì kan túmọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ torí ìyẹn nìkan, màá tún sanwó.

Ẹ má fi sẹ̀mẹ́sítà tí wọ́n fi ń lọ Sípéènì ṣeré. Salamanca lèmi lọ, yunifásítì ibẹ̀ ti wà láti 1218, ìlú tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn já, ọ̀dọ̀ màmá kan ni wọ́n fi mí sí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, oúnjẹ ọ̀sán ò ní jáde kó tó di aago méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta, ebi á sì ti kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ibẹ̀ lẹnu mi ti là. Owó ẹ̀ wà lọ́tọ̀ o, tó bá dẹ̀ jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ń lò, green card ò yọ yín nínú físà, ọ́fíìsì kọ́ńsúlétì wọn wà ní Houston, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè bàbá mi ni pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Ìwé ẹ̀rí yẹn nìkan ò lè dá ilẹ̀kùn ṣí, ká sòótọ́. Tíṣà wà: òfin Texas ní tí ọmọ 20 tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa bá wà ní ìpele kan náà láwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dísítíríìtì kan, tí èdè ilé wọn sì jẹ́ ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi èdè méjì kọ́ wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá tíṣà kiri, ẹ ṣì máa ṣe ìdánwò BTLPT sha, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá tíṣà gbọ́ èdè náà dáadáa. Èmi, ògbufọ̀ ilé ìwòsàn ni mò ń ṣe, ó kéré tán wákàtí 40 lẹ máa fi kọ́ṣẹ́ ẹ̀ lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó lè jókòó ìdánwò CCHI tàbí NBCMI, àwọn àjọ tó ń fún ògbufọ̀ ilé ìwòsàn níwèé ẹ̀rí, dígírì mi ò kọ́ mi ní nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo lè tú sonnet (ewì onílà mẹ́rìnlá) Lope de Vega palẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe òkúta inú òróòro, ẹni tínú ń run níwájú dókítà kò dẹ̀ nílò sonnet.

Ẹ tún wò ó pé ẹ̀ka tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ò ní dojú dé. West Virginia University pa àwọn major èdè wọn rẹ́ ní 2023, Sípáníìṣì wà nínú ẹ̀.

Àbúrò mi tó bá takú pé òun máa ṣe é, kó fi kún nǹkan míì, kírẹ́díìtì ẹ̀ ò pọ̀, ó lè bá accounting tàbí criminal justice rìn. Nọ́ọ̀sì ò fúnni láyè mí, minor (Sípáníìṣì díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ major) tó fún un. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ Sípáníìṣì díẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó lọ ṣe CLEP, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba kírẹ́díìtì láìjókòó ní kíláàsì, kó tó sanwó kíláàsì kankan, nǹkan bíi dọ́là 100 ni, ọ̀pọ̀ yunifásítì á fi yọ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ kúrò fún un, kó sáà kọ́kọ́ béèrè iye máàkì tí tiẹ̀ ń gbà.