Búkà oníyán kan lọ́nà Ìwọ̀rọ́kò, l'Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè ibi téèyàn ti lè jẹ iyán gidi l'Adó, ẹ wá gbọ́. Búkà kan wà lọ́nà Ìwọ̀rọ́kò, kò ní pátákó kankan, páànù ni wọ́n fi bò ó, bẹ́ńṣì gígùn la fi ń jókòó, ṣùgbọ́n ẹ bi ọlọ́kadà pé ibo ni ìyá oníyán wà, á gbé yín débẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹun níbẹ̀, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mú ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Ìbàdàn dání, aláàmàlà pọ́ńbélé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́.

Bá a ṣe wọlé, ìyá ò tíì béèrè ohun tá a fẹ́ jẹ tó ti ní kí wọ́n bu omi tútù wá. "Ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ẹ jókòó, uyán ń bọ̀." Ó bi ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ ibo ni, bó ṣe gbọ́ Ìbàdàn báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ará ilé ẹ̀. Àwọn bàbá méjì tó ń mu ẹmu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sún fún wa, wọ́n ní àlejò àwọn ni, wọ́n bu ẹmu fún un, wọn ò sì gba kọ́bọ̀.

Ohun tó ń bí àwọn kan nínú níbẹ̀ ni pé ẹ máa dúró o. Iṣu á ti wà lórí iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó kí wọ́n tó dà á sódó. Èmi ò bá ẹni tó ń kùn sí ìyẹn ṣe rárá. Iyán tí wọ́n gún láàárọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá wé sínú kúlà, kó tó dọ̀sán ó ti làágùn, gbogbo ara ẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Àti pé nílé wa l'Ékìtì, tí àlejò bá dé, kódà kí oúnjẹ wà nílẹ̀, wọ́n á tún wáṣu sè. Odó tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, tiyín ni wọ́n ń gún, ìyẹn gan-an ni ẹ káàbọ̀.

Iyán ọ̀hún funfun, kò ní kókó, ó sì ń fà dáadáa. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí oníṣápá ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bù fún yín, kíkan ìṣápá yẹn kì í jẹ́ kí epo súni, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ọ́ kó má kan jù. Ata inú ẹ̀fọ́ wọn pọ̀ jù fún mi. Ẹran ìgbẹ́ kì í sí lójoojúmọ́, ó sì wọ́n.

Torí Ìkọ́gòsì ni ọ̀rẹ́ mi ṣe wá, ó fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí ibi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé tí kálukú ṣì ń ṣe tiẹ̀, èyí tó gbóná yẹn tó nǹkan bí 37°C níbi tó ti ń sun. Ó gbádùn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì tó sùn sí, ìrẹsì díndín àti ànàmọ́ díndín ló kún ìwé oúnjẹ wọn, nígbà tó ní òun fẹ́ iyán, pòǹdó ni wọ́n rò fún un! Ó dùn mí wọra. Láti 1996 tá a ti ní ìpínlẹ̀ tiwa, ìwé àti iyán làwọn èèyàn mọ̀ wá sí, àlejò á wá rìn dé Èkìtì kó wá jẹ pòǹdó? Owó tó san níbẹ̀ tún ju tìyá lọ fíìfíì.

Kò síbi tẹ́ ẹ máa páàkì mọ́tò sí o, tí òjò bá sì rọ̀ á máa fẹ́ wọlé báni. Ẹ mú kéèṣì dání torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, tó bá sì ti kọjá aago mẹ́ta, ìṣápá lè ti tán, ẹ tètè lọ.